Odò tí orísun rẹ̀ kẹ̀yìn sí

Iṣẹ́ tí wọ́n mọ̀ dunjú ni wọ́n bá lọ. Ikọ̀ kékeré kan, àwọn onímọ̀ nípa odò àti yìnyín, fẹ́ wọn bí omi ṣe ń ṣàn tó nínú odò kan ní Yukon, ní ìhà àríwá-ìwọ̀ oòrùn Kánádà, kí wọ́n sì mọ bí ẹrẹ̀ tó ń kó wọ adágún ṣe pọ̀ tó. Wọ́n ti ṣe irú rẹ̀ níbẹ̀ rí. Nígbà yẹn, ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń kọjá lórí ẹnu odò náà. Nígbà ooru ọdún 2016 tí wọ́n padà débẹ̀, ibi tí ọkọ̀ wọn ti ń léfòó, eruku ló ń fẹ́ níbẹ̀. Kì í ṣe pé omi fà díẹ̀, bí omi ti í máa fà. Odò náà ti lọ.

Mo fẹ́ to ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ bó ṣe tẹ̀lé ara rẹ̀, torí pé ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ omi, ì báà jẹ́ ẹni tó ń wọn odò, ẹni tó ń ya máàpù tàbí ẹni tó ń kọ́ afárá, ó kàn án, bí kò tilẹ̀ rí yìnyín rí ju èyí tó wà nínú fíríìjì lọ.

Àwọn onílẹ̀, ẹ̀yà Southern Tutchone, ń pe odò náà ní Ä'äy Chù. Slims River ló wà lórí ọ̀pọ̀ máàpù. Slim jẹ́ orúkọ ẹṣin arẹrù kan tó kú sínú odò náà lọ́dún 1903, nígbà tí àwọn awakùsà ń rọ́ lọ wá wúrà ládùúgbò yẹn. Ẹṣin kan kú, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ bo orúkọ tí wọ́n bá nílẹ̀. Ká fi ìyẹn sílẹ̀. Ṣùgbọ́n orúkọ ẹṣin yìí náà ń sọ nǹkan fún wa: odò tó lè gbé ẹṣin lọ kì í ṣe ìsun omi lásán.

Ibẹ̀ jìnnà. Ìwọ̀n 61 ni sí àríwá, láàárín òkè St. Elias, níbi tí òkè tó ga jù ní Kánádà, Mount Logan, wà, 5,959 mítà. Ohun tó ń bọ́ odò náà ni gílásíà tí wọ́n ń pè ní Kaskawulsh. Gílásíà kì í ṣe yìnyín tó kàn jókòó sójú kan. Òjò dídì tó ń já sórí òkè lọ́dọọdún tí kì í yọ́ tán ló ń gun ara rẹ̀ lórí, tòkè ń tẹ tìsàlẹ̀, títí gbogbo rẹ̀ á fi di yìnyín líle. Ìwúwo ara rẹ̀ á wá máa tì í sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbín. Kaskawulsh gùn tó nǹkan bí 70 kìlómítà. Bó ṣe ń wọ́ bọ̀, ó ń lọ òkúta abẹ́ rẹ̀ kúnná bí ẹni ń lọ ẹ̀lùbọ́. Nítorí náà, omi tó ń yọ́ jáde lẹ́sẹ̀ rẹ̀ kì í mọ́ gaara. Àwọ̀ eérú ló ní, ó sì ki, bí omi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ da ẹ̀lùbọ́ sí. Ẹ fi ìyẹ̀fun òkúta yìí sọ́kàn, a ó tún bá a pàdé.

Àfonífojì tí Ä'äy Chù ń gbà fẹ̀, ó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Omi kì í gba ojú kan níbẹ̀: á pín, á tún dàpọ̀, á tún pín, bí irun tí wọ́n dì. Lẹ́yìn nǹkan bí 20 kìlómítà péré, ó wọ adágún Kluane, tí àwọn onílẹ̀ ń pè ní Lhù'ààn Mân, adágún tó tóbi jù nínú gbogbo èyí tó wà pátápátá nínú ilẹ̀ Yukon. Nítòsí ibẹ̀ ni títì Alaska Highway, tí àwọn sójà là lọ́dún 1942, ti gba orí afárá kọjá.

Ogún kìlómítà yẹn kéré, ṣùgbọ́n omi tó gbà á ṣì ní ìrìn níwájú. Ó ń gba odò Kluane jáde kúrò nínú adágún, ó ń bọ́ sí Donjek, Donjek ń bọ́ sí White, White ń bọ́ sí odò ńlá Yukon tó la inú Alaska kọjá lọ sí Òkun Bering. Ẹsẹ̀ gílásíà kan náà ni odò mìíràn tún ti ń jáde, Kaskawulsh River. Òun ló ń lọ bá Dezadeash, tí àwọn méjèèjì fi ń di Alsek, tí Alsek sì ń la àárín òkè já sí Òkun Pàsífíìkì ní gúúsù Alaska. Ọ̀nà tèyí kúrú gan-an, ó sì dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ju tèkejì lọ.

Ọmọ méjì, ọmú kan. Títí di 2016, èyí tó pọ̀ jù nínú omi tó ń jáde lẹ́sẹ̀ gílásíà náà, Ä'äy Chù ló ń mu ún. Kí ló pín in bẹ́ẹ̀? Lọ́pọ̀ ibi, ilẹ̀ gíga ni í pín omi: òjò tó rọ̀ sí apá ọ̀tún òkè gba ọ̀tún lọ, tòsì gba òsì lọ, ọjọ́ á gorí ọjọ́, kò ní yí padà lójú ẹni. Níbí, yìnyín ló wà nídìí ìpín. Gílásíà náà jókòó sórí ibi tí omi ti ń yà bí olóúnjẹ tó di ìgbakọ mú, òun ló ń bu ti Ẹ̀gbọ́n, òun ló ń bu ti Àbúrò. Ẹni tó bá wo máàpù, ìlà búlúù méjì ló máa rí, kò ní rí ọwọ́ tó di ìgbakọ.

Ọwọ́ yẹn ti ń wárìrì tipẹ́. Láàárín 1956 sí 2007, ẹsẹ̀ gílásíà náà fà sẹ́yìn tó 600 sí 700 mítà. Kò sí ohun tó yàtọ̀ lójú ẹni tó dúró sórí afárá. Omi ń bọ̀, ó ki, àwọ̀ eérú rẹ̀ wà níbẹ̀. Ibí yìí ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ mi tó ń wọn odò dúró wò. Ìwé tí a ń kọ ìwọ̀n omi sí lè dára láti ọdún dé ọdún, kí ohun tó gbé omi náà ró sì ti máa jẹrà. Yìnyín tó ń kú a máa tú omi jáde ju èyí tí ara rẹ̀ le lọ, fún ìgbà díẹ̀. Nítorí náà, ìwọ̀n tó ga kì í ṣe ẹ̀rí àlàáfíà.

Nígbà tó yá, adágún kékeré méjì wà lẹ́sẹ̀ gílásíà náà, ọ̀kan lórí Ä'äy Chù, ọ̀kan lórí Kaskawulsh River. Ti Ä'äy Chù ló wà lókè. Ohun tó dá wọn dúró síra wọn ni yìnyín. Ẹ gbé kòtò omi kan sókè, ẹ gbé ọ̀kan sísàlẹ̀, kí ẹ wá fi ohun tó lè yọ́ dí àárín wọn: kò dìgbà tí babaláwo bá sọ bó ṣe máa parí fún yín. Nígbà tí ooru dé lọ́dún 2016, omi yíyọ́ wá ọ̀nà nínú yìnyín, ó sì rí i. Omi tó gba ojú ihò ń fẹ ihò lójú. Bí ihò ṣe ń fẹ̀ ni omi púpọ̀ sí i ń ráyè gbà. Àfi ìgbà tí ihò di ọ̀gbun, ògiri yìnyín lọ́tùn-ún lósì, gíga rẹ̀ tó 30 mítà, bí ilé alájà mẹ́wàá. Adágún òkè tú sínú tìsàlẹ̀. Omi tó yẹ kó forí lé àríwá yí padà sí gúúsù.

Ọjọ́ mẹ́rin ló gbà. Irinṣẹ́ tó ń ka omi ló jẹ́rìí rẹ̀: láàárín ọjọ́ 26 sí 29 oṣù Karùn-ún, ìwọ̀n odò náà wálẹ̀ gbì, nínú àsìkò tó yẹ kó máa gòkè, torí pé ìgbà náà ni yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ dáadáa. Ká ní kò sí irinṣẹ́ yẹn ni, ohun tí ikọ̀ náà ì bá mọ̀ ni pé odò wà nígbà tí àwọn lọ, kò sì sí nígbà tí àwọn dé. Àárín méjèèjì á di ìtàn àtẹnudẹ́nu. Irin ìwọ̀n tí ẹnì kan rì sínú omi, tí kò sẹ́ni tó ń bẹ̀ ẹ́ wò àfi ẹni tó ń kà á: irú owó bẹ́ẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ wọ ojú àwọn tó ń gé ètò ìnáwó. Mo ti bínú lórí ẹ̀ rí, mo ṣì máa tún bínú.

Wọ́n ní odò tó bá gbàgbé orísun rẹ̀ yóò gbẹ. Ó ti wà lẹ́nu wa débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́ nígbà tí a bá ń pa á. Ä'äy Chù ò gbàgbé nǹkan kan. Orísun ló yíjú sí ibòmíràn.

Iṣẹ́ tí ikọ̀ náà bá wá ti bàjẹ́ báyìí. Ìwọ̀n ìṣàn odò tí kò ṣàn, kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe? Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ìyẹn ló jẹ́ kí n máa fi ọ̀rọ̀ wọn kọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Wọ́n yí ìbéèrè padà. Dípò "omi mélòó ló ń kọjá?", ó di "omi dà?" Wọ́n gbé hẹlikọ́pítà lọ sí ẹsẹ̀ gílásíà, wọ́n fi dúrónù ya ibẹ̀, wọ́n wá àwòrán sátẹ́láìtì àtijọ́ àti tuntun, wọ́n sì gbé ìwọ̀n omi láti ìhà méjèèjì síra wọn. Ìhà méjèèjì: ibẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ fà ìlà sí. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ Ä'äy Chù nìkan lè kọ ọ́ sínú ìwé pé ọ̀dá dá, kò sì ní parọ́ lójú ara rẹ̀. Àmọ́ omi ò dínkù lórí ilẹ̀ náà. Tẹ́lẹ̀, Ä'äy Chù àti Alsek fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ara wọn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, Alsek ti tó ìlọ́po 60 sí 70 èkejì.

Nínú iṣẹ́ wa, wọ́n máa ń sọ pé odò kan jí omi èkejì gbé. Ó wà nínú ìwé ẹ̀kọ́, gbogbo wa la kọ́ ọ. Ohun tí wọ́n fi kọ́ wa ni olè tó ń fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún walẹ̀: odò kan á máa jẹ ilẹ̀ padà sẹ́yìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí á fi já sí ẹ̀yìn ilé èkejì. Àpẹẹrẹ wọn wà lára àpáta. Èyí tó ṣẹlẹ̀ lójú irinṣẹ́, láàárín ọjọ́ mẹ́rin, ni kò sí nínú ìwé. Olè ọ̀sán gangan.

Ìbéèrè tó kù ni ta ló rán olè níṣẹ́. Gílásíà a máa gùn, a sì máa fà sẹ́yìn látọjọ́ tó ti wà, nítorí náà kò tó láti kàn nawọ́ sí ayé tó ń gbóná. Ikọ̀ náà ṣírò ó. Wọ́n ní bí ojú ọjọ́ ò bá yí padà, àǹfààní pé kí gílásíà yìí ṣèèṣì fà sẹ́yìn tó bó ṣe fà yẹn jẹ́ ìdá 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún. Ọ̀kan nínú igba. Oṣù Kẹrin 2017 ni wọ́n tẹ àbájáde náà jáde.

Ká parí ẹjọ́ níbẹ̀ ì bá rọrùn: olè kan, ẹni tí wọ́n jà lólè kan, ẹlẹ́rìí kan. Àmọ́ ẹni tó bá ti jókòó ti ẹjọ́ ilẹ̀ rí nílé wa mọ̀ pé bí olùpẹjọ́ bá ti sọ tirẹ̀ tán, àgbà kan á wúkọ́ lẹ́yìn, á ní, "Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí."

Ìdí ọ̀rọ̀ rèé. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti mọ̀ kí 2016 tó dé pé adágún Kluane kì í ṣàn gba àríwá láyé àtijọ́. Gúúsù ló ń gbà. Omi rẹ̀ ń jáde gba àfonífojì kan náà yìí, tí Ä'äy Chù wá ń gbà wọlé, ó ń lọ bá Kaskawulsh River, ó ń bá Alsek lọ sí Pàsífíìkì. Ní nǹkan bí ọ̀ọ́dúnrún sí irínwó ọdún sẹ́yìn, nígbà tí òtútù mú ayé tí àwọn gílásíà ń gùn, Kaskawulsh gbé ara rẹ̀ dí ọ̀nà yẹn. Adágún ò rí ibi jáde mọ́. Ó kún, ó ga ju bó ṣe wà lónìí lọ ní nǹkan bí mítà 12, ó bo igbó tó wà létí rẹ̀, títí ó fi já ọ̀nà tuntun sí àríwá, tó gé odò Kluane. Omi gílásíà náà wá ń wọ adágún láti ibi tí omi adágún ti ń jáde tẹ́lẹ̀.

Ǹjẹ́ ẹ rí i? Odò tí a ń dárò yìí, bó ṣe ń ṣàn sí àríwá yẹn, kò dàgbà. Yìnyín ló bí i, nígbà tí yìnyín ní agbára. Ẹni tí wọ́n pè lólè lọ́dún 2016, ẹrù tirẹ̀ ló gbà padà. Mi ò sọ èyí láti fi dá ooru ayé láre. Ìṣirò yẹn ṣì dúró. Ohun tí mò ń sọ ni pé ikọ̀ tó mọ ìtàn àfonífojì yẹn tètè mọ ibi tó yẹ kí wọ́n wò. Ẹni tó gbà pé bí odò ṣe ń ṣàn lónìí ni Ọlọ́run ṣe dá a, á kàn máa ya fọ́tò eruku ni.

Eruku náà ńkọ́? Ìyẹ̀fun òkúta tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn, ó wà nínú àfonífojì náà ní ìpele lórí ìpele, omi ló sì dè é mọ́lẹ̀. Omi lọ, ó gbẹ, ó fúyẹ́, afẹ́fẹ́ tó ń sọ̀ kalẹ̀ láti orí gílásíà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e. Ó ń bo àfonífojì, ó ń gba orí títì kọjá, ó ń dé orí adágún. Ẹni tó bá ti jí láàárọ̀ oṣù Kìíní nílẹ̀ Yorùbá, tó fi ìka fa ìlà lára mọ́tò tó fọ̀ lánàá, kò nílò àlàyé púpọ̀. Èyí tó pọ̀ nínú eruku ọyẹ́ tiwa náà, ìsàlẹ̀ adágún tó gbẹ ló ti ń bọ̀, ní Bodélé ní orílẹ̀-èdè Chad, níbi tí adágún Chad dé nígbà tó tóbi. Afẹ́fẹ́ ò mọ̀yàtọ̀ ìsàlẹ̀ adágún kan sí òmíràn.

Adágún Kluane fúnra rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀. Ó ti máa ń gbára lé omi gílásíà kó tó kún nígbà ooru, ìyẹn ò sì wá mọ́. Àwọn ìlú kékeré méjì wà létí rẹ̀, Burwash Landing àti Destruction Bay, tí wọ́n ń fi ọkọ̀ lọ pẹja. Ibi tí wọ́n ti ń ti ọkọ̀ sómi jìnnà sí omi báyìí. Àwọn ìsun mìíràn ṣì ń wọ adágún náà, kò ní gbẹ. Ohun tó ń kọ àwọn onímọ̀ lóminú ni pé ó lè sọ̀ débi tí kò ní ga tó ẹnu ọ̀nà tó ń gbà jáde ní àríwá. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, á di adágún tí omi rẹ̀ kò ní ibi tó ń gbà jáde, omi inú rẹ̀ á yí padà, ẹja á sì mọ̀ ọ́n lára.

Ohun kan tí mi ò rò tẹ́lẹ̀ ni ti àgùntàn. Àwọn àgùntàn igbó funfun kan wà lórí òkè tó dojú kọ odò náà, Tachäl Dhäl ni wọ́n ń pè é, nínú ọgbà orílẹ̀-èdè níbi tí wọn kì í jẹ́ kí ará ìta ṣọdẹ. Nígbà tí ilẹ̀ odò gbẹ, koríko tutù bẹ̀rẹ̀ sí í hù níbi tí omi ti ń kọjá. Àgùntàn rí koríko, wọ́n sọ̀ kalẹ̀ lọ jẹ ẹ́, wọ́n sì ń kọjá lọ sí ibi tí òfin ti gba ọdẹ láyè láti yìnbọn. Odò ni kò jẹ́ kí wọ́n débẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni tó kọ ọ́ sínú ìwé pé odò yẹn ń ṣiṣẹ́ ọgbà. Nígbà tí ẹ bá tún ń kọ ìròyìn lórí odò kan, tí ẹ dé ibi tí wọ́n ti ní kí ẹ kọ ohun tí odò náà wúlò fún, ẹ má kàn kọ "ìrinlẹ̀, ẹja, omi mímu" kí ẹ sì kọjá. Ẹ béèrè ohun tí kò jẹ́ kó ṣẹlẹ̀.

Kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbébẹ̀, kí ẹ wo ibi tí omi ti ń yà, kì í ṣe ibi tó ń gbà lọ nìkan. Ṣé àpáta ni? Ṣé iyanrìn tí ìkún omi kan gbé síbẹ̀ ni, tí ìkún omi mìíràn lè gbé kúrò? Ṣé ìsé odò tí ẹnì kan mọ síbẹ̀ tí kò sì ṣàtúnṣe rẹ̀ mọ́ ni? Fún èmi, ìbéèrè yìí ló wà lójú ewé kìíní báyìí, kí n tó kọ ìwọ̀n kankan.

Láti ìgbà tí adágún Kluane ti kún nígbà yẹn ni igbó tó bò ti wà lábẹ́ omi, kùkùté wọn ṣì dúró síbi tí wọ́n hù sí. Ilẹ̀ gbígbẹ ni, nígbà tí wọ́n hù, omi sì ń gba gúúsù lọ.